Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀ Torí Ẹ̀kọ́ Bàálù

Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà ìyá kan láti Lafẹ́ńwá tí ẹ tẹ̀ jáde, níbi tí wọ́n ti ń béèrè iléèwé tó dára jù tí ọmọ àwọn lè lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù. Wọ́n ní ẹnì kan ti fọkàn àwọn balẹ̀ pé láàárín ọdún kan ààbọ̀ ọmọ náà á ti máa wa Boeing, àti pé àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì àwọn méjèèjì lọ́nà Ajébọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì gbowó ilẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ iléèwé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Dókítà ló ṣáájú.

Bó ti wù kí ọmọ mọ̀wé tó, bí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń pè ní Class 1, kò lè fi bàálù wíwà jẹun. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfúrufú nílẹ̀ wa, ní àwọn dókítà tó fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà. Ìwé tí ọsibítù àdúgbò bá kọ kò jámọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n á wo ojú, etí, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Jígí ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: bí ojú kọ̀ọ̀kan bá lè ríran dé 6/9 pẹ̀lú jígí, tí méjèèjì pa pọ̀ sì dé 6/6, kò sí wàhálà. Ohun tó máa ń já àwọn ọmọkùnrin kulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni àwọ̀. Wọ́n á ṣí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ishihara síwájú rẹ̀, tí àmì róbótó-róbótó aláràbarà kún inú rẹ̀, tí nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ya pupa kúrò lára àwọ̀ ewé kò ní rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, èèyàn sì lè gbé e kiri títí á fi pé ogún ọdún láìmọ̀, torí kì í dí wọn lọ́wọ́, àfi bí ẹni náà bá ń to àwọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú. Wárápá ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Àtọ̀gbẹ tó ti di ti abẹ́rẹ́ insulin náà sábà máa ń lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi bẹ́ẹ̀ burú bí oògùn bá kápá rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òfin Yúróòpù, ẹni tí tirẹ̀ bá ń kọjá 160 lórí 95 léraléra, ilẹ̀ ni yóò wà.

Mo ti ń rí i tí àwọn òbí ń san owó iléèwé tán kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò yìí, torí iléèwé sọ fún wọn pé àwọn á mú ọmọ lọ bó bá yá. Ẹ má gbà. Owó àyẹ̀wò náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iléèwé, ọjọ́ kan tàbí méjì ló sì ń gbà. Ìwé náà ń lo oṣù 12, lẹ́yìn ọdún 60 ó di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí awakọ̀ bàálù akérò tó ń ná ilẹ̀ òkèèrè bá sì ti pé 65, ó parí.

Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ìwé WAEC ló kàn. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ìṣirò awakọ̀ bàálù le bíi ti onímọ̀ ẹ̀rọ. Kò le. Àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni, àmọ́ orí ló ti gbọ́dọ̀ jáde, kíákíá, nígbà tí ẹlòmíràn ń bá ọ sọ̀rọ̀ létí. Ẹ jẹ́ ká ní bàálù wà ní 36,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè, ó fẹ́ wá balẹ̀ sí Ìkejà. Awakọ̀ á mú 36, á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 108. Nígbà tó bá ku bíi 108 máìlì ojú òkun ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, á fi díẹ̀ kún un kó lè ráyè dín eré kù. Bó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á dé ìtòsí pápákọ̀ nígbà tó ṣì ga jù. Bó bá yá jù, á máa jó epo lásán nísàlẹ̀.

Epo náà tún ní ìṣirò tirẹ̀. Lítà ni ọkọ̀ agbépo ń kà, kìlógíráàmù ni bàálù ń kà, lítà kan epo Jet A-1 sì wúwo tó nǹkan bíi 0.8 kìlógíráàmù, ẹni tó bá fẹ́ 5,000 kìlógíráàmù á ní kí wọ́n fa 6,250 lítà. Ní oṣù Keje ọdún 1983, Boeing 767 kan ti Air Canada gbéra pẹ̀lú 22,300 pọ́ùn epo níbi tó ti yẹ kó jẹ́ 22,300 kìlógíráàmù, torí pé nọ́ńbà ìwúwo ti pọ́ùn ni wọ́n fi ṣe ìsọdipúpọ̀. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lójú òfúrufú. Orí wọn ló bá wọn ṣe é tí kápútẹ́ẹ̀nì mọ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, tó fi gbé e balẹ̀ sí pápákọ̀ àtijọ́ kan ní Gimli. Ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló fẹ́ pa gbogbo wọn.

Ìwé àṣẹ tó wà ńkọ́? Mẹ́ta ni, ó sì yẹ kí ìyá wa dá wọn mọ̀, nítorí àwọn tó ń wá oníbàárà fún iléèwé máa ń pè wọ́n pọ̀ bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni. PPL ni àkọ́kọ́: ọmọ ọdún 17, wákàtí 40 lókè, ó kéré tán. Ó lè fi gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. CPL ni ti iṣẹ́ owó: ọdún 18, wákàtí 200, tàbí 150 bó bá jẹ́ pé iléèwé kan ṣoṣo ló kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lábẹ́ ètò tí àjọ fọwọ́ sí. Nínú wákàtí 200 yẹn, 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá inú bàálù. Ogún nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrìnàjò ìlú sí ìlú, ọ̀kan nínú àwọn ìrìnàjò náà kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 540 kìlómítà, pẹ̀lú bíbalẹ̀ pátápátá ní pápákọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ìyẹn ni wọ́n á tún gbé instrument rating lé, ìyẹn àṣẹ láti wakọ̀ nínú kùrukùru nípa wíwo ojú ẹ̀rọ nìkan. Wákàtí 40 ìwo-ojú-ẹ̀rọ ló ń gbà, nítorí láìsí i, kò sí ilé iṣẹ́ bàálù tó máa wo ojú ẹni. ATPL ni ìkẹta, ìwé àṣẹ kápútẹ́ẹ̀nì: ọdún 21, wákàtí 1,500. Èyí tí ẹni yẹn ṣèlérí fún ìyá wa, CPL lásán ni, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bàálù tí wọ́n sì ń fi kọ́ ọ kì í gbà ju èèyàn méjì sí mẹ́rin lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọdún kan ààbọ̀ yẹn. Iléèwé ìjọba àpapọ̀ wà ní Zaria láti ọdún 1964, òun ni NCAT; iléèwé bàálù mìíràn wà ní pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin. Iléèwé yòówù kó jẹ́, nílé tàbí lókè òkun, ẹ má wo bàálù tí wọ́n yà sára pátákó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ATO hàn yín, ìyẹn àṣẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bàálù mélòó ló ń fò lónìí. Kì í ṣe mélòó ni wọ́n ní o. Èyí tó ń fò. Kẹ́ ẹ tún béèrè akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń tò dè wọ́n.

Bí wọ́n bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 60 ni, tí olúkúlùkù nílò wákàtí 150, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,000 wákàtí. Bàálù kan tó bá ń fò wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ fún ọjọ́ 250 lọ́dún á fò 1,000. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́, 3,000 lọ́dún, ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn 60 yẹn á fi parí, bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kankan tó wọlé bá wọn. Bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ yẹn gan-an, mo ṣe é fún wọn dáadáa ni. Lẹ́yìn wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan, bàálù ìkẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wọ háńgà fún àyẹ̀wò, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 25 tó bá fi ń fò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí ohun tó bàjẹ́, tó jẹ́ pé òkè òkun ni ẹ̀yà rẹ̀ ti ń bọ̀, tí dọ́là kò sì sí, ibẹ̀ ló máa wà.

Epo tún ń dá wọn dúró. Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ló ń lo avgas, tó yàtọ̀ sí Jet A-1 tí bàálù akérò ńlá ń mu, ilẹ̀ òkèèrè la sì ti ń kó o wá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn iléèwé kan fi fẹ́ràn bàálù bíi Diamond DA40 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo Jet A-1, torí èyí wà ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò. Ọyẹ́ ló tún kù: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ fò bí ìríran bá ti dín ní kìlómítà márùn-ún, ẹni tó bá sì mọ Zaria láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì mọ bí eruku Sàhárà ṣe ń rí níbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, oòrùn á yọ, èèyàn ò ní rí òpin títì bàálù.

Ohun tí àwọn òbí kì í fi sínú ìṣirò ni pé ìdádúró yìí ń náni lówó. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfò á ti tutù. Olùkọ́ kò ní fọwọ́ sí i pé kó dá fò, á ní kó tún ẹ̀kọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó ti sanwó rẹ̀ ṣe. Owó tuntun ni wọ́n máa gbà fún wọn. Kí òbí fi ìdá kan nínú márùn-ún kún iye tí iléèwé bá pè, torí irú èyí, torí ìdánwò tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, torí owó ilé tó ń gùn sí i. Kẹ́ ẹ sì máa san án ní ìpele-ìpele: títí dé ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ dá fò, títí dé PPL, títí dé CPL. Iléèwé tó bá ní àfi kẹ́ ẹ san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì gbé ẹ̀dínwó dání, ẹ bi í pé owó ta ni wọ́n fẹ́ fi ra epo àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú logbook rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń kọ wákàtí tó fò sí, bí ọmọbìnrin ṣe ń mú wúrà ìyá rẹ̀. Kó máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, kí olùkọ́ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, kó máa ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pamọ́. Àròpọ̀ tí kò bára mu lójú ìwé kan lè dá ìwé àṣẹ dúró. Nípa wákàtí tí bírò fò, tí bàálù kò fò, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ìtọ́jú bàálù náà wé e, ọjọ́ tí wọ́n bá sì rí i, kì í ṣe iṣẹ́ náà nìkan ló bọ́.

Àwọn kan á ní àwọn ò lè bá epo àti ọyẹ́ fà á, Amẹ́ríkà làwọn ń lọ. Ó dáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé CPL àti instrument rating níbẹ̀, kì í sábà dín ní 70,000 dọ́là, ó sì lè kọjá 100,000. Físà M-1 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bàálù ń gbà, físà náà kò sì fàyè gba pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ á máa fọ abọ́ san owó iléèwé níbẹ̀, irọ́ ló ń pa fún yín. Bó bá sì padà wálé, NCAA kò ní gba ìwé àṣẹ òkèèrè bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n á kọ̀wé sí àjọ tó fún un pé kó jẹ́rìí sí i, ọmọ á jókòó ṣe ìdánwò òfin òfúrufú ti ilẹ̀ wa, á gba ìwé àyẹ̀wò ara ti ibí. Èsì láti àjọ kan sí èkejì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí náà kó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀.

Dọ́là yìí gan-an ló mú mi sọ pé kí ìyá wa má ta púlọ́ọ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹbí tó ti fi mílíọ̀nù 12 náírà sí báǹkì de ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ 25,000 dọ́là, mílíọ̀nù 37 ààbọ̀ ni wọ́n ń wá kiri lọ́dún kejì. Owó tí wọn kò ní ná títí di ọdún mẹ́ta sí i, ilẹ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kó wà. Bí wọ́n bá máa tà, kí wọ́n ta ọ̀kan fún CPL, kí èkejì máa dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba CPL, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á ya fọ́tò, àríyá á wà ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́. Lọ́jọ́ kejì, kò sí bàálù akérò kankan nílẹ̀ yìí tí ìwé rẹ̀ gbà á láyè láti wà, torí bàálù ńlá kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní type rating: ti Boeing 737 ọ̀tọ̀, ti ATR 72 ọ̀tọ̀, ti Embraer ọ̀tọ̀, ti CRJ ọ̀tọ̀. Ó máa ń gba oṣù kan sí méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ ní kíláàsì bí epo, iná mànàmáná, háídírọ́ọ̀líìkì àti afẹ́fẹ́ inú bàálù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wá gbé e wọ simulator, ìyẹn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣe bíi yàrá awakọ̀, wọ́n á máa pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá gan-an tí bàálù ń gbé imú sókè. Owó rẹ̀ sábà ń wà láàárín 15,000 sí 30,000 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ló sì ń wọ bàálù lọ ṣe é nílẹ̀ òkèèrè, owó físà, ilé àti oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó wá máa fò pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì tó jẹ́ olùkọ́, títí wọ́n á fi sọ pé ó tó gẹ́gẹ́ bí igbákejì.

Nígbà ayé Nigeria Airways, ilé iṣẹ́ náà máa ń fi owó ara rẹ̀ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tó ti kógbá sílé lọ́dún 2003, ẹrù náà ti bọ́ sórí òbí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń san owó type rating, pẹ̀lú bọ́ǹdì ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ìyẹn àdéhùn pé bí ọmọ bá fi wọ́n sílẹ̀ kí ọdún náà tó pé, á san owó náà padà. Ẹ gbé bọ́ǹdì náà fún lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣé gbèsè náà ń dínkù lóṣooṣù, àbí iye kan náà ni títí ọjọ́ tó máa parí? Bí ilé iṣẹ́ bá dá ọmọ dúró fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí dókítà bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta, ṣé bọ́ǹdì ṣì dè é? Ibi tí bọ́ǹdì bá ti dákẹ́, ẹgbẹ́ alágbára ló máa ń sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti òbí tó fi owó ara rẹ̀ ra type rating nígbà tí kò sí lẹ́tà iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ìwé náà kò tà. Ìpolówó iṣẹ́ sábà máa ń béèrè wákàtí 500 lórí irú bàálù yẹn gan-an, ọmọ yìí ò sì ní ẹyọ kan tó ju ti simulator lọ. Bí kò bá padà lọ tún un ṣe lásìkò, àṣẹ náà á sùn, dọ́là mìíràn ló máa jí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, kó lọ gba àṣẹ olùkọ́. Olùkọ́ iléèwé bàálù ń fò lójoojúmọ́ lórí owó ẹlòmíràn, wákàtí sì ń wọlé fún un. Owó oṣù rẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kó jókòó sílé ní Oníkólòbó kó máa fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ kiri.

Ó ku nǹkan kan tí owó kò lè rà, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa Ẹ̀gbá gan-an. Ọmọ tó bá mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún, tí kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, inú wa máa ń dùn sí i. Nínú yàrá awakọ̀, kápútẹ́ẹ̀nì lè dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, òun igbákejì náà ló sì gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu sọ fún un pé eré ti pọ̀ jù, ẹ gbé e padà sókè. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní Tenerife, Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí títì bàálù nínú kùrukùru, èèyàn 583 kú. Ẹlẹ́ńjìnnì tó jókòó nínú èyí tó ń sáré láti gbéra béèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Kápútẹ́ẹ̀nì, tó jẹ́ àgbà iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn irú èyí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CRM, tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlànà rẹ̀ kò le: pe orúkọ ipò rẹ̀, sọ ohun tí o rí, sọ ohun tí o fẹ́ kí ẹ ṣe. Bí o bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, gba bàálù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kí wọ́n lè wo ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wakọ̀ dáadáa ló ti dákẹ́ ṣubú níbẹ̀. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀": ẹ jẹ́ kó ti máa fi dánra wò nílé, bí ẹ bá ń wa mọ́tò tí ẹ sì fẹ́ já iná pupa ní Pánṣẹ́kẹ̀.

Tó bá wá ríṣẹ́, kó má rò pé Abẹ́òkúta ni á ti máa lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ tó máa gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ní Ìkejà, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú. Ọ̀nà Ìfọ̀ sí Sáńgò-Ọ̀tà mọ̀ wá, àwa náà mọ̀ ọ́n. Rélùwéè tó ń dúró ní Láderin kì í sì í jí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ òfin, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ láàárín ọjọ́ 28, tàbí 900 sí 1,000 lọ́dún. Ó lè dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n ìgbà tí bàálù ń lọ nìkan ni wọ́n ń kà síbẹ̀. Wọn kì í ka ìjókòó wákàtí mẹ́rin ní Abuja torí ọyẹ́ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ara ń rẹni. Nínú ọyẹ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtọ́nisọ́nà tó wọ́pọ̀, awakọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ dé 200 ẹsẹ̀ bàtà. Bí kò bá tíì rí títì tàbí iná rẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé e padà sókè, ohun yòówù kí èrò máa sọ lẹ́yìn.

Ní ti ohun tó ń wọnú: àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọtí àti bàálù. Piriton tí a máa ń lò bí ara bá ń yún wa ń kun èèyàn lóorun, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó lọ síbi iṣẹ́. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kó tó gbé oògùn kankan mì. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n á máa dán an wò nínú simulator, bí kò bá sì tíì gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, kò lè gbé èrò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìgbà àìsàn fi ń ba awakọ̀ lẹ́rù. Kó tètè ra ìbánigbófò tó ń sanwó bí dókítà bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kó rà á nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tó le, torí wọn kì í tà á fún ẹni tó ti ń ṣàìsàn.

Bí dókítà bá sì ní rárá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà rò pé pápákọ̀ ti lé e dànù. Class 1 kò kan ẹlẹ́ńjìnnì tó ń tún bàálù ṣe nílẹ̀, ẹni ọdún 18 sì lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwọn tó ń darí bàálù láti táwà ní àyẹ̀wò ara tiwọn, Class 3, wọ́n sì ń wo àwọ̀ níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n dispatcher wà, ẹni tó ń jókòó sílẹ̀ ṣe ìṣirò epo, ìwúwo, ojú ọjọ́ àti ọ̀nà tí bàálù máa gbà, tó sì ń fọwọ́ sí ìwé ìrìnàjò pẹ̀lú kápútẹ́ẹ̀nì. Ọdún 21 ni wọ́n ń béèrè, wọ́n ń kọ́ ọ ní Zaria, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti CPL rárá. Kí ìyá wa béèrè ìyẹn náà nígbà tí wọ́n bá ń pe iléèwé.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìmọ̀ ìwakọ̀ òfúrufú kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.